Kí Òtútù Tó Dé: Bí A Ṣe Lè Bá Àwọn Ìdílé Ukraine Mú Ilé Wọn Móoru Lójú Ogun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àfiyèsí. Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé inú oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn ń ràn káàkiri Yúróòpù, ni a pe ara wa jọ láti sọ ọ̀rọ̀ òtútù. Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2022 tí Rọ́ṣíà ti gbógun ja Ukraine, bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, tí àwòrán àwọn arúgbó tó da búláńkẹ́ẹ̀tì borí nínú òkùnkùn bá ti ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ni àánú máa ń ṣe àwọn èèyàn, tí owó ìdáwó á sì máa rọ́ wọlé. Àánú yẹn dára, mi ò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n bá gé ní oṣù kejìlá, igi tútù ni. Fèrèsé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó lè di oṣù kejì kó tó dé ara ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá arúgbó kan ní ìlú Kherson, ní Ukraine, sùn nínú yàrá tó móoru ní oṣù kìíní, àsìkò yìí ló yẹ kó ti dìde.

Ẹ̀bẹ̀ kejì tí mo gbé wá so mọ́ ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó fi owó tàbí ẹrù kankan ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ilé tí ìdílé náà ń gbé, kí ẹ sì béèrè ohun tó ń mú ilé náà móoru kí ogun tó dé. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá wo ilé tó tutù láti òkèèrè, gbogbo wọn jọra. Bí a bá súnmọ́ wọn, ohun tó ń ṣe ẹni tó wà ní àjà kẹsàn-án nínú ìlú Kharkiv yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń ṣe opó tó ń dá gbé nínú abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Izium.

Òtútù tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí súwẹ́tà kan lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní Kharkiv tàbí Sumy, ó wọ́pọ̀ kí ó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo, lórí òṣùwọ̀n Celsius, lóru oṣù kìíní, ìgbà mìíràn sì wà tí ó ń dé 20 lábẹ́ òdo. Ní oṣù kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní Kyiv, oòrùn ti wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2018 pé nígbà òtútù, kò yẹ kí inú ilé tutù ju ìwọ̀n 18 lọ. Bí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru á máa pọ̀ sí i, àìsàn àyà àti ti ẹ̀dọ̀fóró á rọ́nà wọlé, àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ló sì kọ́kọ́ máa ń fara gbá a.

Ní àwọn ìlú ńlá Ukraine, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní ẹ̀rọ kankan nínú ilé tí wọ́n fi ń mú un móoru fúnra wọn. Láti ayé Soviet ni wọ́n ti kọ́ àwọn ilé alájà márùn-ún àti alájà mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń gbé omi kaná fún odindi àdúgbò. Omi gbígbóná yẹn á gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀, á gun òkè láti yàrá dé yàrá, á wọ inú irin tó wà lábẹ́ fèrèsé, èyí tí wọ́n ń pè ní batareya, á sì tún padà sísàlẹ̀ lọ gba ooru tuntun. Ìdílé kò ní ohun tí wọ́n lè tẹ̀ kí ooru dé. Ìlú ló ń ṣí i, ìlú ló ń tì í. Bí ìpíndọ́gba ooru ojúmọ́ bá ti wà ní ìwọ̀n 8 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí ó sábà máa ń jẹ́ àárín oṣù kẹwàá, ni wọ́n máa ń ṣí i. Nígbà àlàáfíà, ètò yìí rọ arúgbó lọ́rùn. Nígbà ogun, ẹni tó bá fọ́ ibì kan ṣoṣo ti gba ooru lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí Rọ́ṣíà sì ṣe nìyẹn. Ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022 ni wọ́n ya wọ Ukraine. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n gba ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì Zaporizhzhia, èyí tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù, tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2022 ni mísáìlì àti drone wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lu ilé iṣẹ́ iná mànàmáná káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ìkọlù ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá já àwọn ilé iṣẹ́ átọ́míìkì tó kù kúrò lára wáyà tó ń gbé iná kárí ìlú, omi dá ní Kyiv, iná sì lọ dé Moldova tó múlé gbè wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 2024, wọ́n lu àwọn ilé iṣẹ́ iná Kharkiv àti ìsédò ńlá tó wà ní Zaporizhzhia. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, wọ́n ba ilé iṣẹ́ amúnáwá Trypilska tó wà nítòsí Kyiv jẹ́ pátápátá. Láti 2025, wọ́n tún ti ń kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń wa gáàsì. Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé pàṣẹ ní oṣù kẹta 2024 pé kí wọ́n mú ọ̀gágun Rọ́ṣíà méjì, Sergei Kobylash àti Viktor Sokolov, nítorí ìkọlù sí àwọn ilé iṣẹ́ iná. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n fi Sergei Shoigu, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ààbò Rọ́ṣíà, àti Valery Gerasimov, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kún wọn. Mo ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ kó lè yé wa pé òtútù inú yàrá wọ̀nyẹn kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Èèyàn ló jókòó, tó ro ó, tó sì ṣe é.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi gbígbóná náà bá dúró? Àwọn kan rò pé ilé á kàn tutù ni, tí wọ́n bá sì tún ẹ̀rọ ṣe, ooru á dé padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró sójú kan nínú páìpù nígbà tí ìta wà ní 15 lábẹ́ òdo á dì, omi tó bá dì á wú, irin ò ní lè gbà á mọ́ra, á bẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Ukraine kò gbàgbé Alchevsk, ìlú kan ní agbègbè Luhansk, níbi tí páìpù ńlá kan ti bẹ́ ní oṣù kìíní 2006 nínú òtútù tó le koko. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, omi ti dì láti ilé dé ilé, batareya ń bẹ́ láti yàrá dé yàrá. Ó lé ní 60,000 èèyàn tí kò ní ooru, wọ́n sì ní láti kó àwọn ọmọdé kúrò nílùú. Kò sí ogun nígbà yẹn o.

Ẹ̀kọ́ Alchevsk ni wọ́n ń lò lónìí. Bí àdó bá balẹ̀ sórí ilé iṣẹ́ tí ń gbé omi kaná, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ délẹ̀ ni kí àwọn òṣìṣẹ́ sáré láti ilé dé ilé lọ da omi inú páìpù nù. Òṣìṣẹ́ kan á wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì níwájú orí, á wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí páìpù nísàlẹ̀ pátápátá kàn, á yí i, omi tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹlòmíràn á gun àtẹ̀gùn dé òkè téńté, torí lífìtì kò ṣiṣẹ́, á ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé kí omi má bàa há sáàárín. Ilé tí wọ́n bá tètè da omi rẹ̀ nù, ọjọ́ tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe náà ni ooru lè padà síbẹ̀. Èyí tí wọn ò bá tètè dé, ó lè di ìgbà tí yìnyín bá yọ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ páìpù rẹ̀ tán. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń ṣe é nígbà tí drone ṣì wà lójú ọ̀run, àwọn kan nínú wọn sì ti kú sẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a bá ń ka àwọn tó ń gba ẹ̀mí là nínú ogun yìí, kí a máa ka àwọn náà mọ́ wọn.

Ẹni tó bá fi ìtì igi ránṣẹ́ sí irú ilé alájà mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n máa fi dá a. Ohun tí ilé yẹn ń fẹ́ ni tìráńsífọ́mà, páìpù, pọ́ọ̀ǹpù, àti bọ́ílà ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gbé omi kaná, tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀, tí wọ́n lè wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn tàbí àdúgbò kan kí wọ́n sì so mọ́ páìpù tó wà níbẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí wọ́n, ẹgbẹ́ kékeré ò lè rà wọ́n. Àjọ tí wọ́n ń pè ní Energy Community, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Vienna, dá àpò owó kan sílẹ̀ ní 2022 fún irú rírà bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọba ló sì ń dáwó sí i jù. Ibi tí ọwọ́ wa lè tó ni ẹgbẹ́ àwọn tó ni yàrá nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní OSBB. Àwọn ni wọ́n mọ̀ bóyá pọ́ọ̀ǹpù abẹ́ ilé ń ṣiṣẹ́, àwọn ni wọ́n mọ arúgbó tó wà ní àjà kẹjọ tí kò lè sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá ra jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé pọ́ọ̀ǹpù ilé kan fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìdílé inú ilé náà lẹ ràn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní abúlé àti ní ẹ̀yìn ìlú, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ló ní bọ́ílà kékeré tó ń lo gáàsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ kì í mọ̀ ni pé bọ́ílà gáàsì nílò iná mànàmáná. Iná ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti omi kiri, iná ló ń darí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Gáàsì lè wà nínú páìpù rẹpẹtẹ, bí iná bá ti lọ, bọ́ílà ti kú nìyẹn. Síbẹ̀, iná tí bọ́ílà ilé kan ń jẹ kò pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ti gílóòbù àtijọ́ kan tàbí méjì lọ. Bátìrì kan pẹ̀lú ínfátà tó dára lè gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí, láìsí ariwo, láìsí èéfín, láìsí pé ẹnì kan ń wá epo bẹntiróòlù kiri nínú yìnyín. Bí ìdílé kan bá sọ fún yín pé gáàsì làwọn ń lò, tí gáàsì náà sì ń wá, ẹ má fún wọn ní sítóòfù onígi. Ẹ fún wọn ní bátìrì.

Ìdílé kan lè rí gbogbo ìwọ̀nyí gbà, kí òtútù ṣì máa pa wọ́n. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ nìyí, torí òun ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń dáwó: fèrèsé. Àdó tó bá bú ní òpópónà kan, atẹ́gùn rẹ̀ lè fọ́ gíláàsì ilé tó wà ní òpópónà kẹta. Ẹni tó bá ń dáná nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ti fọ́, ńṣe ló ń pọnmi sínú ajere. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí owó yín kò bá lè ṣe ju nǹkan kan lọ, ẹ dí ihò kí ẹ tó ra ohun tí wọ́n máa dá sínú iná. Igi tí ẹ bá rà yóò jó tán lóṣù mélòó kan, fèrèsé tí ẹ bá ṣe ṣì máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ojú fèrèsé. Pákó dí afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ yàrá di òkùnkùn tọ̀sán-tòru, nílùú tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀, tàbí àgbàlagbà tó ń jókòó síbẹ̀ láti oṣù kẹwàá di oṣù kẹta. Harry Blakiston-Houston, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Cambridge nígbà náà, lọ sí Ukraine, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Insulate Ukraine. Fèrèsé tí wọ́n ń ṣe kò ní gíláàsì rárá. Páìpù oníke ni wọ́n fi ń ṣe férémù rẹ̀. Wọ́n á ta ọ̀rá tó nípọn sí i ní ìpele ìpele, wọ́n á fi fóòmù tí wọ́n fi ń wé páìpù yí etí rẹ̀ ká, wọ́n á fi téèpù dì í, wọ́n á sì tì í bọ ojú fèrèsé tó ṣófo. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ọ̀rá kan àti èkejì, tí kò rí ibi lọ, òun gan-an ló ń dá òtútù dúró. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Bí àdó mìíràn bá tún bú nítòsí, ọ̀rá á lù, á mì, kò ní fọ́ bí gíláàsì kó wá di ọ̀bẹ tó ń fò nínú yàrá. Èèyàn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàárọ̀ kó sì máa ṣe é lọ́sàn-án, ohun èlò rẹ̀ kò sì wọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni ti BRDA, ẹgbẹ́ kan ní Warsaw tí Zofia Jaworowska wà lára àwọn olórí rẹ̀. Àwọn èèyàn Pólàńdì tó ń tún ilé wọn ṣe máa ń yọ fèrèsé àtijọ́ dànù, bẹ́ẹ̀ gíláàsì rẹ̀ ṣì dá ṣáká. BRDA ń gba irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o lọ sí Ukraine. Iṣẹ́ wíwọ̀n yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí fèrèsé tí kò bá ojú ògiri mu, ẹrù lásán ni. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí ni kó ṣáájú ọkọ̀.

Lẹ́yìn fèrèsé, ìdílé fúnra wọn mọ ohun tó kù. Wọ́n á yan yàrá kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù tàbí èyí tó wà láàárín ilé, gbogbo wọn á kó síbẹ̀, wọ́n á ti yàrá yòókù, wọ́n á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo ojú ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ta àgọ́ sínú yàrá, kí ara wọn lè mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ móoru. Téèpù, fóòmù ìdíhò, aṣọ ìkélé tó nípọn, ike tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí gbé sórí ibùsùn: ẹrù kékeré tí kò jọ ẹni lójú ni, àmọ́ wọ́n níye lórí ju ọ̀pọ̀ aṣọ àlòkù tí à ń kó ránṣẹ́ lọ.

Ó kan igi báyìí. Nílé tó ní ààrò bíríkì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pich, igi ni ọba. Ààrò yẹn pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná, á di ooru náà mú títí di àárọ̀. Sítóòfù irin kékeré tí wọ́n ń pè ní burzhuika yàtọ̀: ó ń gbóná kíákíá, ó sì ń tutù kíákíá, ẹni tó ní i ní láti máa jí lóru kó fi igi sí i. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ omi. Bí ẹ bá dá a sínú iná, iná náà á kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ gbẹ omi yẹn kí ó tó rántí yàrá. Èéfín rẹ̀ á pọ̀, dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín á nípọn, lọ́jọ́ kan ó lè gbaná, kí ilé sì jó. Igi tó yẹ ní dídá kò gbọdọ̀ ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi lọ, kó tó gbẹ dé bẹ́ẹ̀ sì gba oṣù mẹ́fà ó kéré tán, igi líle ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó, ìdí tí mo fi pè yín jọ nínú oṣù kẹfà nìyí.

Ó tún ku bí wọ́n ṣe ń gbé e dé ilé. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe ìpolongo ìrànwọ́, tí ọkọ̀ ńlá já ìtì igi gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ilé ìyá arúgbó kan. Fọ́tò náà dùn ún wò. Ta ni yóò la igi yẹn? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lójú ogun, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti lọ. Owó lílà, owó gígé kó lè wọ ẹnu ààrò, owó títò sí abẹ́ òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni kó wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹni tó máa là á, ẹ ra bíríkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le. Ó gbẹ, ó dọ́gba, wọ́n sì ń dì í ní ìdì kéékèèké tí arúgbó lè gbé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì rò pé wọ́n lè kàn wọ inú igbó lọ ṣẹ́gi. Ìjọba Ukraine sọ nígbà kan pé ilẹ̀ tó tó 174,000 kìlómítà níbùú lóòró ni àdó abẹ́ ilẹ̀ tàbí àdó tí kò bú lè wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kú, àwọn mìíràn ti pàdánù ẹsẹ̀, nítorí igi ìdáná. Ìdì bíríkẹ́ẹ̀tì kan tó dé ẹnu ọ̀nà opó kan ti gbà á lọ́wọ́ igbó fún ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ukraine yìí kọ́ ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dó ti Sarajevo, olú ìlú Bosnia, láti oṣù kẹrin 1992 títí di oṣù kejì 1996, àwọn ará ìlú gé igi inú ọgbà ìlú tán, wọ́n dá àga àti ìwé sínú iná. Fred Cuny, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Texas kan, lọ síbẹ̀. Kò kó búláńkẹ́ẹ̀tì dání. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó rí i pé gáàsì ṣì ń wọ ìlú náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kó páìpù oníke wọlé; àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n rì í sí. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí a kọ́ lára rẹ̀ nìyẹn: ó fara balẹ̀ wo ilé àti ìlú kó tó na owó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kọjá, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ara jẹnẹrétọ̀, èédú àti sítóòfù tí ihò èéfín rẹ̀ dí ló ti ń jáde. Ilé tí a ti dí gbogbo ihò rẹ̀ tán, bí mo ṣe ní kí ẹ dí i, ibẹ̀ gan-an ló ti lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Orí á máa fọ́ wọn, òòyì á máa kọ́ wọn, èébì á máa gbé wọn, wọ́n á rò pé àárẹ̀ ni, wọ́n á lọ sùn. Ìfura loògùn àgbà. Kò gbọdọ̀ sí sítóòfù kankan tí ẹ máa fi ránṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí afẹ́fẹ́ yẹn bá wà nínú yàrá, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí sórí bákónì. Ìta ló ń gbé, kó sì jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán. Kí ẹni tó ń pín in sọ èyí lójúkojú, kó má kàn tẹ ìwé lé wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá owó ló dára tàbí ẹrù. Níbi tí ọjà bá ti ń ná, owó ni. Ìdílé mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ju àwa lọ, owó ò sì nílò ọkọ̀. Ìjọba Ukraine fúnra rẹ̀ fún ará ìlú tó bá béèrè ní 1,000 hryvnia, ìyẹn owó Ukraine, nígbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2024. Ṣùgbọ́n ní abúlé tó súnmọ́ ojú ogun, tí ọlọ́jà ti sá, tí ọkọ̀ elérò ò débẹ̀ mọ́, kí ni wọ́n máa fi hryvnia ṣe? Ẹrù ni kó lọ síbẹ̀, kó sì lọ láti ilé dé ilé, torí èrò tó bá pé jọ síbi kan láti gba nǹkan lè di ohun tí drone máa lépa. Ẹ má gbé fọ́tò tó fi ibi tí ìdílé ń gbé hàn jáde, bó ti wù kó wuni tó.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa àwọn ibùdó tí wọ́n ṣí láti oṣù kọkànlá 2022, níbi tí ẹni tí iná bá lọ nílé rẹ̀ ti lè yáná, mu tíì, kó gba iná sí fóònù. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti àjà keje kò lè débẹ̀ ṣá, irú wọn sì ni mo fẹ́ kí orúkọ wọn kọ́kọ́ wà nínú ìwé yín. Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ starosta, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ní abúlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ rántí àwọn tó sá kúrò nílé wọn tí wọ́n háyà yàrá pẹ̀lú. Wọn ò lè lu ògiri onílé, nítorí náà bátìrì àti aṣọ ìkélé ló máa wúlò fún wọn.

Bí a ṣe máa ṣe é ní tiwa nìyí. Kí oṣù kẹfà yìí tó parí, a ó ti mọ ìdílé tí a fẹ́ bá ṣe àti irú ilé wọn. Igi tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, oṣù keje sí ìkẹjọ ni ká rà á, nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì gbéra. Fèrèsé àti gbígbá ihò èéfín, kó parí nínú oṣù kẹsàn-án. Kí àárín oṣù kẹwàá tó pé, kí gbogbo ẹrù ti dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ná gbogbo owó náà tán. Ẹ fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rá, fóòmù àti téèpù sì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní Kharkiv àti Kherson. Bí àdó bá tún bú lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, fèrèsé míràn á fọ́ lóru ọjọ́ náà, ó sì yẹ kí wọ́n ti dí i kí ilẹ̀ tó tún ṣú.